Ṣé ìkẹ́ tí mo kẹ́ ọmọ mi ló sọ ọ́ di báyìí?

Ìbéèrè tó wọlé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá rèé. Mo ti gé e kúrú, mo sì ti yọ ohunkóhun tó lè jẹ́ kí wọ́n mọ ẹni tó kọ ọ́:

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Àbíkẹ́yìn ti pé ọdún 23, oṣù tó kọjá ló fẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi pé òun ò rò pé òun lè fẹ́ obìnrin láéláé, ó ní bó ṣe rí látìgbà tóun ti mọra òun nìyẹn. Iṣẹ́ ojú omi ni bàbá wọn ń ṣe nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì nílé. Ìyá ọkọ mi ní èmi ni mo bà á jẹ́, pé mo kẹ́ ẹ jù, pé mo jẹ́ kó máa bá mi wọ kíṣìnì, wọ́n ní àwọn kà á nínú ìwé òyìnbó pé ìyá tó bá gbá ọmọkùnrin mọ́ra jù tí bàbá ò sí nílé, ibi tó máa ń já sí nìyẹn. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Àbí bọ́dìn tá a mú un lọ ló fà á?"

Mọ̀mí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tẹ́ ẹ fi máa rí oorun sùn lálẹ́ òní ná, àlàyé á wá tẹ̀ lé e: rárá, kì í ṣe ìkẹ́ yín. Mi ò fi tù yín nínú lásán o, iṣẹ́ tí mò ń jẹun nídìí ẹ̀ nìyí, tó bá jẹ́ pé ẹ̀rí tó dúró wà pé ìyá ló ń fà á, mi ò ní fi pa mọ́ fún yín. Ìyá ọkọ yín náà ò sì parọ́, ó wà nínú ìwé òyìnbó lóòótọ́, ìwé ńláńlá tiẹ̀ ni, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ló kọ ọ́. Wọn ò kàn tíì ka ìwé náà débi tó ti wó ni.

Nǹkan kan wọ̀ mí lójú nínú ohun tẹ́ ẹ kọ. Látòkè délẹ̀, ẹ ò dárúkọ nǹkan náà. "Bó ṣe rí nìyẹn", "ibi tó máa ń já sí nìyẹn", ẹ kàn ń rìn yí i ká ni. Lọ́dún 1935 ìyá kan ní Amẹ́ríkà kọ irú lẹ́tà yìí gan-an sí Sigmund Freud ní Vienna, ẹni tó dá ìtọ́jú yẹn sílẹ̀ tí aláìsàn á dùbúlẹ̀ sórí àga gbọọrọ tí á máa sọ gbogbo ohun tó bá wá sí i lọ́kàn. Ọmọ ọdún 78 ni Freud nígbà yẹn, jẹjẹrẹ ẹnu sì ti ń bá a fínra lọ́jọ́ tó ti pẹ́, síbẹ̀ ó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ èsì lédè Gẹ̀ẹ́sì ní April 9. Ó ní òun rí i nínú lẹ́tà ìyá náà pé gay ni ọmọ ẹ̀, ìyẹn ọkùnrin tí ọkùnrin bíi tiẹ̀ ń wù, àti pé ohun tó jọ òun lójú jù ni pé ìyá náà ò pe orúkọ ẹ̀ rárá, kí ló dé tó fi ń sá fún un? Ó ní lóòótọ́ kì í ṣe àǹfààní fún èèyàn, àmọ́ kì í ṣe ohun ìtìjú, kì í ṣe ìwà ìbàjẹ́, èèyàn ò sì lè kà á sí àìsàn. Ìyá yẹn tọ́jú lẹ́tà yìí fún ọdún gbọọrọ kó tó fi ránṣẹ́ sí Alfred Kinsey, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣèwádìí ìbálòpọ̀ ní Indiana, ó ní lẹ́tà látọwọ́ èèyàn ńlá tó tún jẹ́ èèyàn dáadáa nìyí, kó máa tọ́jú ẹ̀, kò kọ orúkọ síbẹ̀, ó kàn ní ìyá kan tó moore ló fi í ránṣẹ́. Ọdún 1951 ni ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà tẹ̀ ẹ́ jáde.

Àmọ́ bàbá kan náà yìí ló gbin irúgbìn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń jù lù yín. Lọ́dún 1910 ó kọ ìwé kékeré kan nípa Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì tó ti kú láti 1519. Bàbá Leonardo ò fẹ́ ìyá ẹ̀ sílé, Freud wá ní ọ̀dọ̀ ìyá nìkan lọmọ náà wà fún ọdún mélòó kan, ìyá fi gbogbo ìfẹ́ tí ì bá fún ọkọ kó ọmọ lẹ́nu, ọmọ wá dàgbà tán ó fi ara ẹ̀ sípò ìyá, ó ń wá ọmọkùnrin tóun náà á máa fẹ́ràn bí ìyá ẹ̀ ṣe fẹ́ràn òun. Ẹ gbọ́ ẹ̀rí tó mú wá o. Leonardo kọ ọ́ síbì kan pé òun rántí ìgbà tóun wà nínú ibùsùn ọmọ ọwọ́, tí ẹyẹ kan fò wá, tó sì ń fi ìrù ẹ̀ lu òun lẹ́nu. Freud ní igún ni ẹyẹ yẹn, ó gbé igún náà dé Íjíbítì àtijọ́ níbi tí wọ́n ti ń fi igún ṣe àmì ìyá, ó fi kọ́ ilé ńlá lórí ẹ̀. Àwòdì ni Leonardo kọ! Nibbio ló wà nínú ìwé ẹ̀ lédè Ítálì, àṣìṣe àwọn tó túmọ̀ ẹ̀ sí èdè Jámánì ló sọ ọ́ di igún. Àwa tá a mọ èyí tó ń jẹ òkú yàtọ̀ sí èyí tó ń gbé ọmọ adìyẹ, ó yẹ ká lè rẹ́rìn-ín síyẹn dáadáa.

N ò ní bú Freud jù o, torí ó níyèméjì ju àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀ lọ. Lọ́dún 1915 ó fi àlàyé kan kún ìsàlẹ̀ ìwé ẹ̀ tó kọ ní 1905, ó ní pé kí ọkùnrin máa wá obìnrin nìkan náà, ìyẹn fúnra ẹ̀ nílò àlàyé, kì í ṣe ohun tó kàn hàn gbangba. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ta ló bi yín rí pé kí ló fà á tí àkọ́bí yín fi ń wá obìnrin?

Àwọn tó wá lẹ́yìn ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ̀rọ̀ ìyá di òfin. Sandor Rado ní nǹkan bí 1940 ní irọ́ ni tí Freud ń pa pé takọtabo wà nínú gbogbo èèyàn, ó ní ọkùnrin tó ń wá ọkùnrin, ẹ̀rù obìnrin ló ń bà á, ẹ̀rù sì ṣeé wò sàn. Nígbà tó di 1962 ni Irving Bieber àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní New York wá gbé ìwádìí tó gbajúmọ̀ jù jáde, mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ yín ti wá bó ti wù kó yí kiri tó. Ọkùnrin gay 106, àwọn tí kì í ṣe gay 100. Wọ́n ní àwọn gay yìí, ìyá wọn ló ń so wọ́n mọ́ra bí ọ̀já, tó ń fi wọ́n ṣe ọ̀rẹ́ àdáni, bàbá wọn sì jìnnà tàbí kó kórìíra wọn.

Ẹ jẹ́ ká dúró síbí díẹ̀ torí ibí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí i. Ta ni wọ́n bi? Wọn ò bi àwọn ọkùnrin 206 yẹn o. Dókítà wọn ni wọ́n bi, àwọn dókítà 77 tó ń gbé wọn sórí àga gbọọrọ, àwọn ni wọ́n fún ní fọ́ọ̀mù gígùn pé kí wọ́n kọ bí ìyá aláìsàn ṣe rí, bí bàbá ẹ̀ ṣe rí. Kò sẹ́ni tó lọ gbọ́ tẹnu ìyá kankan. Àwọn dókítà yìí náà sì ni wọ́n ti kọ́ láti ilé ìwé pé ìyá ni kí wọ́n máa wá, èèyàn á sì rí ohun tó bá jáde láti wá. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà, tiwọn tiẹ̀ burú ju ìyẹn, torí ẹnì kan náà tí wọ́n gbọ́ tiẹ̀ kì í ṣe olùpẹ̀jọ́, lọ́yà ẹ̀ ni. Ohun kejì, aláìsàn tó ń sanwó ìtọ́jú ni gbogbo wọn, àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ débi pé wọ́n wá dókítà lọ. Ẹni tó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì láti àárọ̀ dalẹ́ á ní kò sí mọ́tò tó dáa láyé.

Ọmọ tó dáa ni ti bàbá, èyí tó bá bàjẹ́ ni ti ìyá. A máa ń rò pé àwa nìkan là ń sọ bẹ́ẹ̀, àṣé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n New York náà ń sọ ọ́, tiwọn kàn ní àtẹ nọ́ńbà nínú ni. Kì í sì í ṣe lórí ọ̀rọ̀ gay nìkan. Ní 1948, Frieda Fromm-Reichmann kọ ọ́ pé irú ìyá kan wà tó ń sọ ọmọ di wèrè, ní 1967 Bruno Bettelheim gbé ìwé jáde pé ìyá tó tutù bíi yìnyín ló ń fa ọ́tísíìmù. Ìyá tó kẹ́ ọmọ jù jẹ̀bi, ìyá tí kò kẹ́ ẹ tó náà jẹ̀bi. Méjèèjì yẹn ti wó, kò sí dókítà gidi tó ń sọ ọ́ mọ́ lónìí, ọ̀pọ̀ ìyá sì ti gbé ẹ̀bi yẹn wọ sàréè kí wọ́n tó wó.

Ẹni tó kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ gay jáde kúrò ní ọ́fíìsì dókítà ni Evelyn Hooker, obìnrin tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní sáíkọ́lọ́jì ní yunifásítì UCLA, Los Angeles. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ kan, Sam From, tó jẹ́ gay, mú òun àti ọkọ ẹ̀ mọ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, wọ́n jọ ń jẹ wọ́n jọ ń mu, nígbà tó yá ọmọ náà sọ fún un pé dandan ni kó ṣèwádìí nípa irú àwọn, torí àwọn tí dókítà ń kọ̀wé nípa wọn yẹn, kì í ṣe àwa nìyẹn. Ọdún 1953 ló rówó ìjọba gbà fún un, ìgbà tí wọ́n ń lé gay kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Amẹ́ríkà o, tí ọlọ́pàá ń kó wọn. Kò jẹ́ kí wọ́n wá sí yunifásítì kí ojú má baà rí wọn, yàrá kékeré kan nínú ọgbà ilé ẹ̀ ló ti ń gbà wọ́n. Ó wá ọkùnrin gay 30 tí kò sí lábẹ́ dókítà kankan àti 30 tí kì í ṣe gay, ó fi ọjọ́ orí wọn, ìwé tí wọ́n kà àti bí orí wọn ṣe pé sí ṣe méjì-méjì. Rírí àwọn tí kì í ṣe gay tiẹ̀ wá le ju rírí àwọn gay lọ, torí ta ló fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tí wọ́n ti ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní ọkọ ẹ̀ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí ọkùnrin tó lè gba àdúgbò àwọn kọjá láìfara pa.

Ó fi àwọn ìdánwò tí gbogbo dókítà ìgbà yẹn gbẹ́kẹ̀ lé dán wọn wò, títí kan èyí tí wọ́n ń da íńkì sórí bébà tí wọ́n á ní kí lo rí nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ gbogbo orúkọ àti gbogbo ohun tó lè ṣòfófó, ó kó ìwé náà fún ọ̀gá mẹ́ta tí kò sẹ́ni tó jù wọ́n lọ nídìí iṣẹ́ náà: Bruno Klopfer, Edwin Shneidman àti Mortimer Meyer. Ẹ sọ fún mi, èwo ni gay nínú wọn? Wọn ò mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá gbé méjì síwájú wọn pé ọ̀kan jẹ́ ọ̀kan ò jẹ́, ìwọ̀n tí ẹni tó ju kọ́bọ̀ sókè á fi gbà á náà ni wọ́n ń gbà á. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ẹgbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ní ara wọn dá, orí wọn pé. Ọdún 1957 ló tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ kíyè sí i o, Hooker ò sọ ohun tó ń fà á. Ohun tó wó ni ìpìlẹ̀ ilé, torí gbogbo ọ̀rọ̀ ìyá yẹn, orí pé àìsàn ni ló dúró lé: bí àìsàn bá wà, ẹnì kan ló kó o ranni. Nígbà tí àìsàn ò sí ńkọ́?

Àwọn míì wá lọ yẹ ọ̀rọ̀ òbí fúnra ẹ̀ wò níta. Marvin Siegelman ní 1974 mú àwọn gay tí kì í ṣe aláìsàn, nígbà tó fi àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ wéra nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, ìyàtọ̀ tí wọ́n ní ó wà láàárín ìyá àti bàbá wọn pòórá. Ní 1981, Bell, Weinberg àti Hammersmith gbé tiwọn jáde, àwọn gay 979, ọkùnrin lobìnrin, àtàwọn tí kì í ṣe gay 477, gbogbo wọn láti agbègbè San Francisco, wọ́n jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fún wákàtí mélòó kan, wọ́n da gbogbo nǹkan tí ẹnikẹ́ni ti sọ rí sínú ìṣirò, ìyá tó lágbára jù, bàbá tó dákẹ́ jù, àìní ọ̀rẹ́, gbogbo ẹ̀. Ti ìyá ò fẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan. Ti bàbá wúwo díẹ̀ ju ìyẹn, síbẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun kan ṣoṣo tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú wọn ti yàtọ̀ láti kékeré, ọmọkùnrin tí kò bìkítà fún bọ́ọ̀lù, ọmọbìnrin tó ń gun igi.

Ibí ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ kíṣìnì yín. Richard Green tẹ̀ lé àwọn ọmọkùnrin bíi 66 tí ìṣe wọn jọ ti obìnrin láti kékeré, fún nǹkan bí ọdún 15, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1987. Nínú àwọn tó rí títí tí wọ́n fi dàgbà, bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin ló di gay tàbí ẹni tí ọkùnrin obìnrin ń wù, nígbà tó jẹ́ pé nínú àwọn ọmọkùnrin tó kù tó fi wé wọn, bóyá lèèyàn máa rí ju ẹyọ kan lọ. Ó rí i pé àwọn bàbá kan jìnnà sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Èwo ló ṣáájú? Bàbá tó ra bọ́ọ̀lù wálé tí ọmọ wò ó tó padà lọ sídìí ṣíṣa ẹ̀wà, bàbá yẹn á gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, á gbìyànjú lẹ́ẹ̀kejì, á wá mú ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ sí pápá. Ogún ọdún lẹ́yìn náà dókítà á bi ọmọ pé bàbá rẹ ńkọ́, á ní bàbá mi jìnnà sí mi, dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá jìnnà ló fà á. Ẹṣin ló wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ o! Tiyín náà, ẹ rántí dáadáa, ṣé ẹ̀yin lẹ fà á wọ kíṣìnì ni, àbí òun ló ń bá yín wọbẹ̀ nígbà táwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń sá fún abọ́ fífọ̀? (Mo mọ ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó mọ ọbẹ̀ sè ju ìyàwó wọn lọ tí ọmọ wọn ti pé márùn-ún, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ ìgé-ẹ̀fọ́ dẹ́rù bà yín.)

Ẹ tún gbọ́ èyí, òun ló lágbára jù lọ́wọ́ mi lórí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọmọ. Àwọn ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n bí tí nǹkan ọkùnrin wọn ò pé, tàbí tó bàjẹ́ níbi ìdákọ́ bíi ti David Reimer ní Canada, tí àwọn dókítà wá ṣiṣẹ́ abẹ fún, tí wọ́n ní kí òbí máa tọ́ wọn bí obìnrin, gáún ni, orúkọ obìnrin, ohun gbogbo. Nígbà tí Michael Bailey àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kó irú ẹ̀ tí wọ́n lè rí jọ ní 2016, méje ni wọ́n rí tí wọ́n mọ ẹni tó ń wù wọ́n nígbà tí wọ́n dàgbà. Obìnrin ni, yálà obìnrin nìkan tàbí obìnrin jù lọ. Tí wọ́n bá wọ gáún fún ọmọ láti ọwọ́, tí wọ́n tọ́ ọ bí obìnrin, tí ìyẹn ò lè yí ẹni tó máa wù ú padà, ṣé ẹ̀wà ṣíṣà ló máa yí i?

Ti bọ́dìn. Ọ̀rọ̀ yìí náà ní àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tiẹ̀, àwọn tó ní gbogbo ìwà ẹ̀dá kíkọ́ ni, pé ohun téèyàn bá kọ́kọ́ bá pàdé láá máa wá kiri. Orí èyí ni wọ́n dúró lé ní Bìrìtìkó láàárín 1950 sí 1970 tí wọ́n fi ń fi iná mànàmáná gbé ọkùnrin, tàbí kí wọ́n gún wọn lábẹ́rẹ́ tó ń múni bì, wọ́n á wá gbé fọ́tò ọkùnrin síwájú wọn kí èébì àti fọ́tò lè para pọ̀ lọ́pọlọ. Ọkùnrin ò kúrò lọ́kàn wọn, ẹ̀rù àti ìtìjú ló kún un. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ńlá nípa ìbálòpọ̀ ní Bìrìtìkó kan náà ní nǹkan bí 1990, èèyàn tó lé ní 18,000, wọ́n rí i pé àwọn tó lọ bọ́dìn ní ìtàn pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ rí láàárín àwọn àti akọ bíi tiwọn ju àwọn tí kò lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n dàgbà, iye tó ń ṣe é kò jura lọ. Wọ́n ṣe é ní bọ́dìn, wọ́n jáde, wọ́n gbé ìyàwó. Ní Papua New Guinea, Gilbert Herdt gbé láàárín àwọn èèyàn kan tó pè ní Sambia, gbogbo ọmọkùnrin wọn ni wọ́n ń mú gba ètò ìsọdọkùnrin tó ní ìbálòpọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n wọn nínú, fún ọ̀pọ̀ ọdún, dandan ni. Tó bá jẹ́ kíkọ́ ni, kò yẹ kí wọ́n lè bímọ mọ́ nílùú yẹn. Ìyàwó ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń fẹ́, obìnrin ló sì ń wù wọ́n.

Ẹlòmíì á bi yín bóyá ẹnì kan ló fọwọ́ kàn án ní kékeré. Ẹ bi í tẹ̀sọ̀tẹ̀sọ̀ tẹ́ ẹ bá fura, torí ìyẹn jẹ́ ìwà ọ̀daràn tó ń ṣọgbẹ́ fún ọmọ, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ bi í. Òótọ́ ni pé àwọn gay máa ń sọ pé ó ṣẹlẹ̀ sáwọn ju àwọn míì lọ nínú ìwádìí, àmọ́ ọmọ tó yàtọ̀, tó dá wà, òun làwọn ẹni ibi máa ń fojú sùn, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin tó sì ṣẹlẹ̀ sí ni kò di gay.

Ó kù sọ́wọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ, ẹ má rò pé màá fi wọ́n sílẹ̀ torí pé wọ́n gbè wá. Àwọn náà ti ṣe àsọdùn. Ní 1991 Simon LeVay la ọpọlọ òkú 41, ó ní ibì kan báyìí kéré lọ́pọlọ àwọn gay, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òkú yẹn sì jẹ́ pé AIDS ló pa wọ́n, èèyàn ò sì mọ̀ bóyá ọpọlọ ló ṣáájú ìgbé ayé àbí ìgbé ayé ló ṣáájú ọpọlọ. Ní 1993 Dean Hamer ní 33 nínú tẹ̀gbọ́n-tàbúrò 40 tí àwọn méjèèjì jẹ́ gay pín apá kan jíìnì (ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí) tó wá látọ̀dọ̀ ìyá, àwọn ìwé ìròyìn pariwo jíìnì gay, ìgbà tí àwọn ará Canada máa tún un ṣe ní 1999, wọn ò rí i. (Ẹ rí i, ìyá lẹ̀bi tún padà wá bá, lọ́tẹ̀ yìí nínú ẹ̀jẹ̀.) Nígbà tó di 2019 tí wọ́n yẹ jíìnì àwọn èèyàn tó súnmọ́ 480,000 wò, ohun tí wọ́n rí ni pé jíìnì púpọ̀púpọ̀ ló ń dá díẹ̀díẹ̀ sí i, kò sí ẹyọ kan tó ń jẹ́ jíìnì gay, kò sì sẹ́ni tó lè wo ẹ̀jẹ̀ ọmọ kó sọ èyí tó máa jẹ́.

Ìbejì ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé mi jù, ìran Yorùbá sì mọ ìbejì. Ẹ mú àwọn tó jọra wọn pátápátá, ẹyin kan ló pín sí méjì, jíìnì kan náà, ikùn kan náà, ilé kan náà, ìyá kan náà ló pọn wọ́n. Ní Australia, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000, tí Táíwò bá jẹ́ gay, Kẹ́hìndé á jẹ́ ẹ ní bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún. Ìyẹn ju iye tó wà láàárín ìlú lọ dáadáa, torí náà ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Àmọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún ò jọra. Ẹni tó ní jíìnì nìkan ni, ó yẹ kó jọra. Ẹni tó ní ìtọ́jú ìyá nìkan ni, ó yẹ kó jọra náà. Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí kò sí lọ́wọ́ jíìnì nìkan tí kò sì sí lọ́wọ́ òbí, ọ̀pọ̀ wa sì rò pé inú oyún ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Torí àbíkẹ́yìn ni ọmọ yín, èyí á kàn yín. Ray Blanchard àti Anthony Bogaert ní Canada sọ láti 1996 pé bí ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ṣe ń pọ̀ sí i lórí ọmọkùnrin ni bó ṣe lè jẹ́ gay ń pọ̀ sí i, bí ìdá kan nínú mẹ́ta lórí ẹ̀gbọ́n kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, ìdá kan nínú mẹ́ta nǹkan kékeré, nǹkan kékeré ṣì ni, tó bá jẹ́ èèyàn 2 nínú 100, ẹ̀gbọ́n kan ò ní sọ ọ́ ju 2 àti ààbọ̀ lé díẹ̀ lọ. Ibi tó dùn sí ni pé ní 2006 Bogaert rí i pé ẹ̀gbọ́n tí ìyá kan náà bí ló ń ka, bí wọn ò tiẹ̀ jọ gbé pọ̀ rí, ọmọ ìyàwó mìíràn tí wọ́n jọ dàgbà nínú ilé kan náà kì í ka. Ilé kọ́, ikùn ni. Wọ́n rò pé bí ìyá ṣe ń lóyún ọkùnrin ni ara ẹ̀ ń kọ́ bó ṣe máa bá ohun kan tó jẹ́ ti ọkùnrin nìkan jà, ní 2018 wọ́n tiẹ̀ rí àmì ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ìyá kan. Àwọn onímọ̀ ìṣirò kan ṣì ń bá wọn fa ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yìí, kò tíì parí. Kò sẹ́ni tó sọ pé ìyá ṣe nǹkan kan, bí ara ṣe ń ṣe ni, bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ ò bára mu.

Ẹ wá wo bí àwọn dókítà fúnra wọn ṣe kúrò nídìí ọ̀rọ̀ àìsàn. Ní 1972, níbi ìpàdé wọn ní Dallas, dókítà kan wọlé bí eégún: ó fi nǹkan bojú, ó wọ kóòtù tó tóbi jù ú lọ, wọ́n fi maikirofóònù yí ohùn ẹ̀ padà, ó ní gay lòun, dókítà ọpọlọ lòun, ọ̀pọ̀ wa ló sì wà láàárín yín. John Fryer ni, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kó tó ṣí ìbòjú. Ní December 1973 ẹgbẹ́ wọn yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àìsàn. Àwọn ọmọlẹ́yìn Freud pariwo, Charles Socarides ló ṣáájú wọn, wọ́n ní kí gbogbo ẹgbẹ́ dìbò, wọ́n dì í ní 1974, ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún ní kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Socarides, Richard, wá padà jáde pé gay lòun, ó sì bá Ààrẹ Clinton ṣiṣẹ́. N ò fi bàbá ṣẹ̀sín o, ẹni tó bímọ ò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín, mo kàn ń rò ó ni pé kí ni wọ́n kọ sí fọ́ọ̀mù nípa ilé yẹn.

Ohun tó kù ni ohun tẹ́ ẹ ò bi mi àmọ́ tí mo mọ̀ pé ó ń bọ̀: ìyá ọkọ yín á ní kẹ́ ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti yí i padà. Robert Spitzer, ẹni tó gbé iṣẹ́ yíyọ ọ́ kúrò nínú ìwé ṣe ní 1973, òun kan náà ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2003 pé òun bá èèyàn 200 sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí wọ́n ní àwọn ti yí padà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, àwọn ẹgbẹ́ tó ń yíni padà ló júwe wọn fún un, ohun tí wọ́n sì sọ lẹ́nu nìkan ló wà níbẹ̀. Ní 2012 ó kọ lẹ́tà, ó ní ẹ̀rí òun ò tó, ó bẹ àwọn gay tó ti fi àkókò àti agbára wọn ṣòfò nítorí ìwádìí òun. Nígbà tí dókítà arúgbó bá ń bẹ̀bẹ̀ báyẹn, ẹ má fi owó yín san fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà kiri. Ẹ mọ òfin ọdún 2014 tí Nàìjíríà ṣe lòdì sí gay, ẹ sì mọ àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí halẹ̀ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ gba owó, ẹnu ẹbí ló sì máa ń ti jáde jù. Tí ìyá ọkọ yín bá tún gbé ìwé òyìnbó dé, ẹ kúnlẹ̀ kí wọn bẹ́ ẹ ṣe ń kí wọn tẹ́lẹ̀, ẹ wá fọ̀wọ̀ bi wọ́n léèrè: Taiwo àti Kẹ́hìndé ọmọ òyìnbó jìnnà sí wa, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ méjèèjì nílé yìí ńkọ́? Ọkọ mi ò sí nílé nígbà tiwọn náà, ọwọ́ yìí kan náà ló fún wọn lóúnjẹ.